Ọkùnrin tí ń yan ẹja ní Èpẹ́

Níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti pòwe mọ́ mi. Wọ́n ní, "Tútù ni a ti í ká ẹja, bí ó bá gbẹ, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́." Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a gbọ́ ni pé àwọn òbí mi kò tètè tẹ̀ mí sí ọ̀nà tí ó yẹ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, nítorí pé nínú gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀, èmi àti ìyá mi nìkan ni a ń fi ẹja kíká jẹun.

Èkó Èpẹ́, apá kan nínú ìlú Èpẹ́, ni ilé wa. Láti ìgbà pípẹ́ ni iṣẹ́ ti pín: ọkùnrin a wọ ọkọ̀ lọ sórí ọ̀sà, obìnrin a gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ létí omi, a yan án, a sì gbé e lọ sí ọjà Olúwo. Ọmọ tí ó bá kàwé ni ó lè bọ́ nínú méjèèjì. Mo kọ́ ìṣirò owó, mo ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni mo padà sílé, tí mo ní kí ìyá mi kọ́ mi ní ẹja yíyan.

A ó la ikùn àrọ̀, a ó rọra yọ ìfun rẹ̀ kí òróòro má bàa tú sí i lára, a ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní máa yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni a ó tẹ ìrù rẹ̀ wá sí ẹnu, tí a ó sì fi igi tín-ín-rín gún méjèèjì pọ̀. Dé ibí yìí, òwe náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àrọ̀ tí ó bá ti tóbi jù kò ṣeé ká, bí ó ti wù kí ó tutù tó. Gígé ni à ń gé e.

Àwọn oníbàárà a máa bi mí pé, "Ìyàwó yín dà? Ẹ pè é wá, kí a dúnàádúrà." Àwọn ọ̀dọ́kùnrin etí omi sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Èyí kò dùn mí tó ti àwọn obìnrin tí wọ́n rò pé mo wá gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn, bẹ́ẹ̀ n kò lè dá wọn lẹ́bi, torí pé ọkùnrin a máa wọ òwò obìnrin, kí ó sì di ọ̀gá lé wọn lórí.

Ọdún Káyọ̀káyọ̀ ni a ń ṣe lọ́jọ́ tí òwe náà jáde, èyí tí a fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí Èpẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Kòsọ́kọ́ kò gbà kí wọ́n tẹ òun síbi tí wọ́n fẹ́, àwa sì ń jẹ, à ń yọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo rò ó, n kò sọ ọ́. A kì í bá ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni jiyàn nídìí àwo ẹran.

Ìyá mi náà kò fọhùn. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló sì ń ka owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ bí àwọn ará Èkó bá bi í léèrè ohun tí mo ń ṣe nílé, yóò ní ìsinmi ránpẹ́ ni mo wá lò. Ìsinmi náà ti pé ọdún mẹ́fà.