Ìríjú tàbí àrólé: kí ni ká pe ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó tọ́jú ilẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká máa pe ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú kó máa tọ́jú àyíká ní "ìríjú ayé", ká sì pe ìdàgbàsókè tí kò ba tọ̀la jẹ́ ní "ìdàgbàsókè àjẹṣẹ́kù". Mo fara mọ́ èkejì. Ta ló ń dáwó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò ní yé? "Ìríjú" ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bíbélì ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ wo Lúùkù orí 16: ìríjú gbọ́ pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ló bá ń gé gbèsè àwọn tó jẹ ọ̀gá rẹ̀ lówó, ó sọ 100 òṣùwọ̀n òróró di 50, kí wọ́n lè gbà á sílé lọ́jọ́ iwájú. Ẹrù ẹlẹ́rù ló fi wá ojúure. Òṣìṣẹ́ ni ìríjú. Bí wọ́n bá lé e, ó lè gba ilé ẹlòmíì lọ. Níbo làwa fẹ́ gbà lọ?

"Àrólé", ẹni tó jogún ilé tó sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹbí, ni mo fara mọ́. Òun làwọn onítumọ̀ Kùránì lò ní orí 2, ẹsẹ 30: Ọlọ́run ní òun yóò fi àrólé sórí ilẹ̀, àwọn mọ̀láíkà sì bi í pé ṣé ẹni tí yóò máa ṣèbàjẹ́ níbẹ̀ ni. Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi odò Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, tó ń ṣàn bẹ́ẹ̀ gba inú igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Omi yẹn làwọn olùsìn ń bù mu.

Kristẹni náà ò ní pàdánù. Jẹ́nẹ́sísì 2:15 ní kí Ádámù máa ro ọgbà, kó sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ bi àgbàlagbà kan n'Ífẹ̀ níbí kí ni iṣẹ́ àrólé, ohun kan náà ni yóò sọ.

Nínú agbolé wa n'Írèmọ, pásítọ̀ wà, àfáà wà, babaláwo wà. Àrólé ni gbogbo wọn ń pe ẹni tí ilẹ̀ ẹbí wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dá ilẹ̀ ẹbí tà, torí àwọn tí a ò tíì bí nípìn-ín níbẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ Brundtland, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí àyíká àti ìdàgbàsókè, sọ ní 1987 náà kúkú nìyẹn: ká gbọ́ bùkátà tòní láì dí àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́ tiwọn.

Àbúrò kan níbí ní àrólé mìíràn a máa ta ogún jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní orúkọ tó ń jẹ́: àpà.

Orúkọ iṣẹ́ náà ló kù. "Ìṣàrólé" wúwo lẹ́nu mi. "Iṣẹ́ àrólé" ni mo ṣì ń lò. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ gbé e wá.