Ọ̀rá pure water: ta ló ń rà á ní Ìbàdàn?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ìyá kan ládùúgbò wa ní Ìbàdàn ń ṣa ike omi àti ti ẹlẹ́rìndòdò jọ kó má bàa dí gọ́tà. Ìyẹn kì í ṣòro tà: irú ike tí wọ́n ń pè ní PET ni, nọ́ńbà 1 ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣe òwú aṣọ àti ike mìíràn.

Ọ̀rá pure water ló kó wa lọ́kàn sókè. Ó fúyẹ́ débi pé àpò ńlá kan kì í wọ̀n tó nǹkan kan, omi àti iyẹ̀pẹ̀ sì máa ń kù sínú rẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ wa kẹ́yìn ní ó dọ̀tí, ló bá yọ ìdajì owó. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn ìyá yìí jókòó fọ̀ ọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká máa fọ̀ ọ́, ká sá a gbẹ, àbí ká tà á bẹ́ẹ̀? Ṣé ó yẹ ká dáwó ra ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe yìí? Ta ló mọ ilé iṣẹ́ tó ń fi í ṣe ọ̀rá dúdú, tó lè máa wá kó o? Ẹ má ní ká sun ún o, èéfín rẹ̀ léwu fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá sì mọ iye tí wọ́n ń ra kílò kan báyìí, kó bá wa kọ ọ́ síbí.