Ọmọ mi ọ̀sẹ̀ 31 àti àyà ìyá ọkọ mi

Ọ̀sẹ̀ 31 ni oyún mi wà lóru ọjọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti bímọ. Kílò 1.4. Apá rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. N kò lè sunkún, mo kàn ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan sọ fún mi ní wọ́ọ̀dù ni pé kí n dúpẹ́, pé ọmọ oṣù méje a máa yè, ti oṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, irọ́ ni. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ nínú tó ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń gbó tó. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bí tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 34, ó ń sunkún tọ̀sán-tòru torí wọ́n ti ní kó má fi ọkàn sí i. Ọmọ náà sì ń mí dáadáa ju tèmi lọ!

Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nílé láìsí ọmọ níbẹ̀. Èmi wà ní ilé ìwòsàn, mò ń fún ọmú sínú ife ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gba imú rẹ̀ fún un, torí kò tíì lè fa ọmú kó sì máa mí. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n tó sì ki yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìdọ̀tí.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ aṣọ òkè. Ó gbé ọmọ sí àárín ọmú mi, ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀, ó fi ọ̀já so ó mọ́ mi. Mo rò pé torí pé inkubétọ̀, àpótí tó ń mú ara ọmọ gbóná, kò tó ni. Ó ní òótọ́ ni, àìtó inkubétọ̀ ló bí gbígbé ọmọ sáyà báyìí ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, ní 1978. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò nítòsí wa: Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Láàárín àwọn ọmọ tí kò tó kílò 1.8, ikú àwọn tí wọ́n tètè gbé sáyà ìyá fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àwọn yòókù. Èmi rí tèmi: lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò tàn, ara ọmọ mi kò tutù.

Kílò 1.9 ló wà nígbà tí a délé. Ìyá ọkọ mi ti gbé omi gbígbóná àti kànhìnkànhìn kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe wẹ gbogbo ọmọ wọn nìyẹn, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á jù ú sókè. Mo kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí a má tíì wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, òtútù lè pa á." Ọjọ́ méjì ni wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ibà gbé mi dè. Wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ bùbá wọn. "Gbé e wá. Ṣé àyà àgbà náà dáa fún un?" Títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n so ó mọ́yà, wọ́n ń ki í ní oríkì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán di tiwọn, òru di tèmi.

Ọmọ aládùúgbò wa jókòó ní oṣù mẹ́fà, tèmi ò tíì jókòó. Dókítà ní kí n máa yọ ọ̀sẹ̀ 9 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Oṣù kẹjọ ló jókòó, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Màámi pè mí lórí fóònù, wọn ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.