Iná améwérú: àbá mi lórí orúkọ iná tí à ń tàn fún ewébẹ̀ inú ilé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọ̀rọ̀ èdè o. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣómólú gbé wá ti di ńlá. Wọ́n to LED, ìyẹn àwọn ẹyọ iná kéékèèké, mọ́ ara alumíníọ̀mù, wọ́n gbé e kọ́ sókè ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn sínú ike nínú yàrá, wọ́n wá bi wá pé kí la ó máa pe irú iná bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ẹnìkan ní oòrùn àtọwọ́dá. Àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ni ní Yábàá ní iná amúgbìnhù. Ẹlòmíràn ní ìtanná ewéko. Ẹni tó ń tajà ní Alábà ní gílóòbù ewé ni àwọn oníbàárà òun ń pè é. Èmi ní àbá tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí iná yìí ń ṣe, torí orúkọ tó bá ṣi iṣẹ́ sọ lè ba ọ̀gbìn jẹ́ mọ́ ẹni tó bá gbà á gbọ́ lọ́wọ́.

Oòrùn àtọwọ́dá dùn létí, n kò jiyàn. Àmọ́ ìlérí tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí irú iná bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tàn sórí ewé. Ẹni tó bá gbọ́ oòrùn lè gbin àgbàdo sábẹ́ rẹ̀ kó máa retí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí mò ń sọ: ilé fara ti ilé, fèrèsé kọjú sí ògiri aládùúgbò, ọ̀sán pọ́n, yàrá ṣókùnkùn. Ẹni tó ń gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló nílò iná yìí jù, òun náà ni kò yẹ ká fi orúkọ tàn jẹ. Oòrùn tún ní ooru nínú lẹ́nu wa. Òun la fi ń sá aṣọ, òun la fi ń sá èlùbọ́. LED kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde níwájú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ alumíníọ̀mù tó nípọn. Bí alumíníọ̀mù náà bá kéré, LED á gbóná jù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa dín kù títí yóò fi kú.

Amúgbìnhù ní ìlànà tó dára. Bí a ṣe dá amúlétutù àti amúnáwá náà ló ṣe dá a, orúkọ méjèèjì yìí sì ti dúró: rédíò ń sọ ẹ̀rọ amúnáwá lójoojúmọ́, kò sí ará Èkó tí kò mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó fi parí rẹ̀ ni mi ò gbà. Híhù kò dọwọ́ iná. Ẹ fi àgbàdo sínú òwú tútù, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ti ilẹ̀kùn pa, yóò hù. Omi, atẹ́gùn àti ìwọ̀nba ooru ni irúgbìn ń wá kó tó hù. Lóòótọ́, àwọn díẹ̀ wà tí ìmọ́lẹ̀ ń ràn lọ́wọ́ láti hù, bíi lẹ́tíúùsì, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata àti tòmátì kò dúró dè é. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá hù tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ohun ọ̀gbìn kò bá rí ìmọ́lẹ̀, yóò na ọrùn gbọọrọ, igi rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á pọ́n, yóò wá wó. Ẹ ò rí i pé ẹni tí a bá sọ fún pé iná náà ló ń mú nǹkan hù lè tàn án fún ọjọ́ tí irúgbìn wà lábẹ́ ilẹ̀, kó sì pa á nígbà tí ewé yọ, tó rò pé iṣẹ́ ti parí?

Ìtanná ewéko ló ṣe mí ní kàyéfì jù, torí ẹni tó mú un wá gbọ́ èdè dáadáa. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, kí ẹ wò ó: òdòdó ni yóò wá sọ́kàn ẹni tó bá kà á, ìtànná tó ń yọ lórí igi. Ní ti ewédú, ìtànná gan-an ni ohun tí ẹni tó gbìn ín kò fẹ́ rí! Ewédú a máa mọ gígùn ọ̀sán. Bí ọ̀sán bá kúrú, kíá ni yóò tànná, yóò so, ewé rẹ̀ á sì kéré. Ní Èkó níbí, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí yóò fi wọ̀, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àbọ̀ lọ nínú oṣù Òkúdù, nínú oṣù Ọ̀pẹ̀ kì í tilẹ̀ pé 12. Ẹni tó bá tan iná fún ewédú rẹ̀ fún wákàtí 14 ń gé òru kúrú, ewédú náà á sì gbájú mọ́ ewé. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni iná yìí ń ṣe, ó ń bọ́ ewé, ó sì ń pa àkókò mọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá iṣẹ́ yìí mu ti wà lẹ́nu wa kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa: rú. Igi rúwé. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo nǹkan rú. Òun ni mo fi dá orúkọ tèmi, iná améwérú: a-mú-ewé-rú. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé kò di amúwérú. Fáwẹ́lì i nínú iná àti ilé ló tètè ń bọ́ dànù, ìyẹn ló jẹ́ kí á ní múná àti múlé. Bí ọ̀rọ̀ bá fi e, ẹ tàbí o bẹ̀rẹ̀, ti mú ló ń bọ́: mẹ́ran, mówó, méwé. Etí ọmọ Yorùbá mọ èyí láìkọ́ ọ.

Ẹnìkan ti bi mí ní kọ̀rọ̀ pé tòmátì àti ata ńkọ́, nígbà tó jẹ́ èso la fẹ́ lára wọn. Ewé ni ilé ìdáná igi. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń so omi pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ewé fà wọlé, tí wọ́n fi ń di ṣúgà, ibẹ̀ sì ni èso ti ń rí oúnjẹ rẹ̀. Bí ewé kò bá rú, èso ibo ni a ó ká?

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló ká mi lára jù nínú gbogbo èyí, kò sì tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí ewé ń gbà jù nínú ìmọ́lẹ̀ ni pupa, ní nǹkan bíi nánómítà 660 (nánómítà la fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), àti aró, ní nǹkan bíi 450. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ sí Alábà tàbí Ìkẹjà pé kó ra LED pupa wá, kí ni yóò gbé wálé? Pupa wa gbòòrò. Èèyàn pupa wà, epo pupa wà, gílóòbù àtijọ́ tí wáyà inú rẹ̀ ń gbóná, iná pupa ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ọmọ náà lè ra LED funfun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ti gílóòbù àtijọ́, kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rọ̀ wá pé ká lo ohun tí èdè wa ti ní. Pupa rúsúrúsú ni kí èyí tó jọ gílóòbù àtijọ́ máa jẹ́. Pupa yòò ni kí ti 660 máa jẹ́. Kí ẹni tó ń kọ ìlànà sì fi nọ́ńbà nánómítà tì í.

Dúdú náà ní ìṣòro tirẹ̀, torí ewé tútù, aṣọ aró àti òru, dúdú ni gbogbo wọn lẹ́nu àgbà. (Ewé tó dúdú lójú àgbẹ̀ ni ewé tí ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ tó dára nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká pàdánù rẹ̀.) Ṣùgbọ́n fún ti 450, aró ni kí a pè é. Àwọn aláró wa kò dúró de ọ̀rọ̀ búlúù kí wọ́n tó mọ àwọ̀ yẹn. Bí aró àti pupa yòò bá tàn pa pọ̀, yàrá á di àwọ̀ àlùkò, ìyẹn ni àwọ̀ tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán ọgbà inú ilé ti òkè òkun.

LED pupa tí ojú lè rí ti wà láti 1962, Nick Holonyak ló ṣe é ní Amẹ́ríkà. Aró ló fa wàhálà. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ló yanjú rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì lé e lórí ní 2014. Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Torí LED funfun tó wà nílé gbogbo wa, aró ló wà ní ìdí rẹ̀: wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú kan bò ó tó ń sọ díẹ̀ nínú aró náà di àwọ̀ mìíràn, àpapọ̀ wọn ló wá funfun lójú wa. Nítorí náà iná améwérú kò dandan kó jẹ́ àlùkò. LED funfun lásán ní aró nínú, ó ní díẹ̀ nínú pupa, ewé sì ń rú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fi lúmẹ́ẹ̀nì, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ sí ara páálí, yàn án, ojú èèyàn ni wọ́n fi wọn lúmẹ́ẹ̀nì.

Ẹnìkan túmọ̀ ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé iná fún LED sí awakọ̀ iná, torí pé dírẹ́bà ni òyìnbó ń pè é. Rárá o. Kò wa nǹkan kan. Ó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú wáyà, fún LED kó má ju bó ṣe yẹ lọ ni. Bí LED bá ti ń gbóná, fọ́ltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti kọ́rẹ́ǹtì, tó ń béèrè ń dín kù. Bí a bá so ó mọ́ bátìrì tààrà, kọ́rẹ́ǹtì á máa pọ̀ sí i, á sì jó. Adíwọ̀n iná ni mo dábàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí: áàfù kọ́rẹ́ǹtì tí à ń kígbe lé NEPA lórí, fọ́ltéèjì ló kéré níbẹ̀.

Ní ti LED fúnra rẹ̀, mi ò ní túmọ̀ rẹ̀. Láti 2005 ni orúkọ NEPA ti yí padà, láti 2013 ni wọ́n sì ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àwọn aládàáni, síbẹ̀ NEPA náà la ṣì ń sọ. Orúkọ tó ti jókòó lẹ́nu ọjà kò ṣeé lé. Bákan náà, mi ò bá gílóòbù ewé jà. Ẹni tó ń lọ sọ́jà kó pè é bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé àti nínú kíláàsì ni mo fẹ́ kí iná améwérú wà.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ìlànà kan rèé tí mo kọ fún ẹ̀gbọ́n wa:

“Ẹ to LED funfun márùn-ún àti pupa yòò méjì, oníwáàtì 3, lórí alumíníọ̀mù, kí ẹ sì so wáyà wọn tẹ̀ léra wọn. Fọ́ltì tí gbogbo wọn yóò gbà jẹ́ nǹkan bí 20. Ẹ ra adíwọ̀n iná oní 700 mílíáńpù tí 20 yìí wà láàárín fọ́ltì tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ bo ojú wáyà, kí omi má kàn án. Ẹ fi iná améwérú náà kọ́ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sókè ewé, kí ẹ sì máa tàn án fún wákàtí 14 lójúmọ́.”

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sétí ẹni tó ń bá yín ṣe iná, láìṣàlàyé kankan. Ọ̀rọ̀ tó bá dá a dúró, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, ká jọ wá òmíràn.