Bíréèkì ẹ̀yìn ń di mọ́ táyà lẹ́yìn òjò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Corolla 2005 ni mò ń wà ní Àkúrẹ́. Bí òjò bá rọ̀ tí mo sì gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kì í yí mọ́. Màá tẹ iná díẹ̀, á dún "gbàù!" kó tó tú sílẹ̀. Mò ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ àná ni táyà náà ń wọ́ nílẹ̀. Àyà mi já gan-an.

Orí òkè ni ilé wa wà, mi ò sì lè ṣe kí n má fa bíréèkì ọwọ́. Mẹkáníìkì kan ní dúrọ́ọ̀mù (irin róbótó tó bo bíréèkì ẹ̀yìn) ló dípẹtà, èkejì ní wáyà bíréèkì ọwọ́ ni kì í padà. Báwo ni mo ṣe lè mọ èwo ni kí n tó náwó?