Ọmọ mi ti dé Level 6 nínú jimnásíìkì: ta ló ń to ijó flóò àti bíìmù fún wọn?

Ọmọ Ìpẹ̀rù, Maryland

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Level 5. Láti ẹ̀yìn wá, eré kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, orin kan náà, a ò wá nǹkan kan kiri. Àfi bí kóòṣì ṣe pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá orin tirẹ̀ fún un, kí n sì wá ẹni tí yóò to ijó flóò, ìyẹn eré orí ilẹ̀, àti ti bíìmù, igi tóóró tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀, kó tó di oṣù kẹjọ. Mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí màá ti mú un. Ṣé ẹnì kan ti gba ọ̀nà yìí kọjá nínú wa?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Houston

Àbúrò mi, má mikàn. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ eléyìí, nílé ìyá mi. Ọmọ tèmi ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí ìlà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà sí àgbàlá báyìí. Mo wọn ìlà náà: fífẹ̀ rẹ̀ 10 cm, gígùn rẹ̀ mítà 5, bíi bíìmù gan-an. Ti gidi ga ní 125 cm, ṣùgbọ́n ilé ìyá mi ò ní irú ìyẹn. Màmá jókòó ti ìloro, ó ń ṣa ìdọ̀tí inú gàrí, ó ní ṣé odò ló wà lábẹ́ ọmọ yìí ni.

Ohun tí kóòṣì rẹ sọ, bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti Level 1 dé 5, USA Gymnastics, àjọ jimnásíìkì Amẹ́ríkà, ti to eré sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Láti 6 lọ, kálukú ló ní tirẹ̀. Àwọn tó bá wà ní Xcel, ètò mìíràn tí àjọ náà ní, ń ṣe tiwọn láti Bronze, ìpele àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Kọ́kọ́ bi kóòṣì bóyá ẹnì kan wà nínú ilé ìdárayá wọn tó ń tò ó, torí ibòmíràn kì í gba ará ìta láyè rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n máa ń pe obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ mìíràn nígbà ìsinmi gígùn. Ó ń lo ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ á máa tọ̀ ọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa òbí á pín owó ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láàárín ara wa. Eré flóò kan gba wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ mi. Owó rẹ̀ wọ ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀ láti ìsinsìnyí. Má ṣe sún un di ìgbà tí ìdíje ti wọlé. Ijó tí ọmọ kọ́ lóṣù kẹfà tàbí ìkeje, ara rẹ̀ á ti gbà á kó tó di oṣù kìíní.

Kì í ṣe ẹni tó ń to ijó ló ń yan òkìtì o. Kóòṣì ló ń yàn án. Kí ẹni yẹn tó dé, gba ìwé lọ́wọ́ kóòṣì: òkìtì wo ló ṣáájú, igun wo ni yóò ti sáré, ẹsẹ̀ wo ló fi ń ṣíwájú bó bá fò, apá ibo ló ń yí sí lórí ẹsẹ̀ kan. Mo rí ìyá kan tí kò ṣe èyí. Wọ́n to ijó tán, ó dára lójú, àfi ìgbà tí kóòṣì wò ó tó ní ọmọ ti ń parí sí igun tí kò ti lè ta òkìtì tó kàn. Wọ́n tún un ṣe, ó sì tún sanwó.

Bí flóò ṣe rí, mítà 12 ní 12 ni. Láti igun dé igun ní ìdábùú tó mítà 17, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré ta òkìtì. Àwa òbí, òkìtì là ń pàtẹ́wọ́ fún. Ṣùgbọ́n ijó tó wà láàárín òkìtì méjì ni ọmọ ti ń mí. Bí ẹni tó tò ó bá kó fífò àti yíyí jọ síbẹ̀ torí kó lè dùn wò, ọmọ á dé igun tó kẹ́yìn láìní èémí, ibẹ̀ ni yóò sì ti ṣubú. Jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tò ó, kí o sì wo àyà ọmọ rẹ, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ká fídíò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè rí apá òsì àti ọ̀tún bó ṣe yẹ, ọ̀kan tí ẹni tó tò ó ń kà á sókè láti ení dé ẹẹ́jọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò ní rántí ibi tí ọwọ́ wà.

Bàbá Ìbejì, London

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú àlàyé. Orin ńkọ́? Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn orin ilé. Ṣé àwọn adájọ́ gbà á?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Houston

Bàbá Ìbejì, ibi tó ti dùn mí lẹ bọ́ sí yẹn.

Òfin ni pé orin flóò kò gbọdọ̀ ní ọ̀rọ̀. Ohùn ènìyàn lè wà níbẹ̀ bíi ti ohun èlò orin, kó máa kùn, kó máa ké, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún tí ọmọ mi kọ́kọ́ ṣe Level 6, èmi fúnra mi ni mo gé orin lórí fóònù. Ìlù àti dùùrù ni. Láàárín rẹ̀, ọkùnrin kan kígbe lẹ́ẹ̀kan péré: "Ó yá!" Etí mi ti mọ́ ọn débi pé mi ò gbọ́ ọ mọ́. Kóòṣì ò gbọ́ Yorùbá, ó rò pé igbe lásán ni. Àwọn adájọ́ kà á sí ọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ máàkì 1.0 gbáko. Ní ìpele wọn yìí, ọmọ tó bá ṣubú, 0.5 ni wọ́n ń yọ fún un. Ọmọ mi ò ṣubú rárá lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fi igbe kan bì í ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó sunkún láti inú gbọ̀ngàn títí a fi délé. Títí di òní, bí mo bá rántí, inú mi kì í dùn.

Lọ́dún 2025 la wá sílé fún Iléyá. Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Mo rò pé ẹṣin lọmọ máa wò, àfi bó ṣe tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ìyá nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́: bí wọ́n ṣe ń sún bọ̀, tí gbogbo wọn ń tẹ̀ pọ̀, tí gèlè ò mì. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó ń rìn ín nínú yàrá. Mo ká a sínú fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń to ijó wa. Ó ní ibẹ̀ leré á ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá rántí pé ẹnu lòfin sọ. Kò sọ gángan. Onígángan kan wà ní àdúgbò màmá mi, mo bẹ̀ ẹ́ wá sí àgbàlá yìí. A gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, torí bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbóná, ìlù á sáré, ọmọ ò sì ní lè bá a. Nígbà tó ṣe, mo ní kí ọmọ jó, kí bàbá onílù máa wò ó. Bó bá dé igun, bàbá á fa ohùn ìlù sílẹ̀ kí ọmọ lè mí. Kó tó sáré, gángan á pe oríkì rẹ̀: Àbẹ̀kẹ́. Dò dò mí. Ibẹ̀ ló ń gbéra. Kóòṣì wa ò mọ̀ pé wọ́n ń pe ọmọ náà lórúkọ títí mo fi sọ fún un. Kò sí adájọ́ tó tíì yọ nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ìṣẹ́jú àáyá 82 ni orin náà. Òfin àgbáyé kò gbà ju 90 lọ. Ẹ bi kóòṣì yín iye tí wọ́n gbà fún ìpele ọmọ tiyín. Mo sanwó bàbá onílù dáadáa, a sì kọ ìwé kékeré pé ọmọ mi lè máa lò ó níbi ìdíje, nítorí orin ẹlòmíràn lè dá wàhálà sílẹ̀ bí wọ́n bá gbé ìdíje sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà lórí fóònù mi, ọ̀kan lórí ti kóòṣì. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ìpè má baà wọlé láàárín eré.

Ọmọ Ṣàgámù, Toronto

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún ẹni tí kóòṣì bá ń bẹ̀rù ijó ilẹ̀ wa. Lọ́dún 2021, Nia Dennis, ọmọbìnrin tó ń ṣe jimnásíìkì fún yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, jó ijó àwa aláwọ̀ dúdú lórí flóò, wọ́n fún un ní 9.95. Ẹ fi fídíò rẹ̀ hàn wọ́n.

Bàbá Ìbejì, London

Mo dúpẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, ọkùnrin ni. Ṣé òun náà nílò èyí?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Houston

Rárá, àwọn ọkùnrin kì í lo orin lórí flóò, wọn kì í sì í ṣe bíìmù. Ẹ sọ ìtàn Uche Eke fún un, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣojú Nàìjíríà nínú jimnásíìkì ní Òlíḿpíìkì, ti Tokyo.

Ọmọ Ìpẹ̀rù, Maryland

Ẹ ṣé púpọ̀, mà. Ó ku bíìmù. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí orin níbẹ̀, kí la tún ń tò?

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Houston

Èmi náà ti bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Bí kò ṣe sí orin yẹn gan-an ló fi ń gba ìtò. Ọmọ tí a ò tò ó fún máa ń dúró gbagidi kó tó ta òkìtì, á máa ronú, adájọ́ á sì máa yọ 0.1, 0.1. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi ìgbésẹ̀ kékeré bo ibi ìrònú yẹn: apá á gòkè, orí á yí, ẹsẹ̀ á ti fìdí múlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti rìn ní ìhà, ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ sórí igi kó tún dìde. Dídìde yẹn ni kí ẹ tẹra mọ́ jù, ibẹ̀ ni tèmi ti máa ń mì. Fi téèpù lẹ ìlà sílẹ̀ nínú ilé, kó máa ṣe é láìta òkìtì, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọmọ mi báyìí, ètè rẹ̀ ń mì lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mo bi í pé kí ló ń sọ. Ó ní òun ń pe "Àbẹ̀kẹ́" lábẹ́lẹ̀ kí òun tó fò, bí gángan ṣe ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí mo máa lò nílé. Bí o bá fẹ́ kí n bá bàbá onílù sọ̀rọ̀, fi fídíò ijó ọmọ rẹ ránṣẹ́ kí ó lè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ni oríkì rẹ̀?

Ọmọ Ìpẹ̀rù, Maryland

Àṣàkẹ́ ni, mà.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́, Houston

Dò dò mí! Bíi ti Àbẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́. Gángan ò ní yí ohùn padà rárá. Síbẹ̀, a máa gba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí igun tí òun ti ń mí lè má jẹ́ ibi tí tèmi ti ń mí. Tètè fi fídíò náà ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, bàbá ní òde ìgbéyàwó ní Òpin ọ̀sẹ̀.