Báwo ni mo ṣe lè fi èsì àjẹsára DNA lára eku wé ti màlúù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹranko ni mò ń kọ́ níbí ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ti tojú sú mi. Àjẹsára DNA, ìyẹn èyí tó ń gbé apá kan lára àbùdá (DNA) kòkòrò àrùn wọ inú ara kí ara lè kọ́ bó ṣe máa bá a jà, máa ń ṣiṣẹ́ gan-an lára eku, àmọ́ agbára rẹ̀ sábà máa ń dínkù lára màlúù. Bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti ẹṣin fún àrùn West Nile, tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ní 2005!

Mo gbìyànjú láti fi ìwúwo ara ṣírò rẹ̀. Eku gíráàmù 20 gba máíkírógíráàmù 100. Tí mo gbé e dé orí màlúù kílò 400, gíráàmù 2 ló jáde. Ta ló máa gún màlúù nírú ìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n fi wọ́n wéra: ìwọ̀n èròjà agbóguntàrùn inú ẹ̀jẹ̀ wọn, àbí iye ẹranko tó yè lẹ́yìn tí wọ́n kó àrùn náà ràn wọ́n?